Oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà, àbí ká dúró dìgbà tó bá hu eyín? Ìgbà tó yẹ kọ́mọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, tèmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi ní oṣù mẹ́ta ti tó, kí n po ògì fún un. Nọ́ọ̀sì ní oṣù mẹ́fà, omi lásán ò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London ní tó bá ti pé oṣù mẹ́rin, kí n máa wo ara ọmọ, kí n yéé ka kàlẹ́ńdà. Àǹtí kan ní kọ́ńpáùn wa wá ní ọmọ tí ò léyín lẹ́nu, kí ló fẹ́ fi jẹun, kí n dúró dìgbà tó bá hu eyín jàre. Èèyàn mẹ́rin, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo.

Mo ti bí mẹ́ta báyìí, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì gbà bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún wọn: ìkíní jẹ ògì ní oṣù mẹ́ta àtààbọ̀, ìkejì dúró dé oṣù mẹ́fà, ìkẹta, oṣù ẹ̀ ò pé kí n tó bí i, ìṣirò tiẹ̀ tún yàtọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, ẹni tí ojú ẹ̀ ti rí i ni mí, mo sì ti bi nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn. Ẹ jẹ́ ká gbé gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká wò ó.

Kí la fẹ́ fi wọ̀n wọ́n?

Tẹ́ ẹ bá kàn ń bèèrè pé "èwo ló dáa jù" láì sọ pé ó dáa sí kí ni, ẹni tó bá pariwo jù nínú ilé ló máa borí. Nǹkan márùn-ún ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ara ọmọ fúnra ẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ lè gbé orí ẹ̀ dúró kó má máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kó lè jókòó tẹ́ ẹ bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn, ahọ́n ẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti yéé ti nǹkan síta. Ahọ́n ìkókó máa ń ti ohun tó bá kàn án jáde, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn kí nǹkan má baà há a lọ́fun, ìgbà tí ìyẹn bá ti ń lọ lẹ máa rí i pé tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, á gbé oúnjẹ lọ sẹ́yìn, á gbé e mì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà pé sára ọmọ kó tó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ka kó máa wo ẹnu yín tẹ́ ẹ bá ń jẹun mọ́ ọn, mi ò ka kó máa jẹ ìka, mi ò sì ka kó máa jí lóru. Ọmọ oṣù mẹ́rin ń wo fóònù yín náà, ṣé ẹ máa bù ú fún un ni?

Ìkejì ni àìsàn, pàápàá ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn sì so mọ́ irú omi tẹ́ ẹ ń lò nílé. Ìkẹta, kí ló wà nínú oúnjẹ yẹn gan-an, ṣé ó ju ọmú lọ àbí ó kéré sí i. Ìkẹrin, owó. Ìkárùn-ún ni ìgbé ayé ìyá: ìgbà wo lẹ padà síbi iṣẹ́, ta ló ń bá yín mú ọmọ, ṣé iná ń wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ìyá nímọ̀ràn kì í ka ìkárùn-ún yìí sí, òun gan-an ló sì ń pinnu ọ̀rọ̀ nínú ilé.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é

Èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ká má parọ́. Nínú NDHS, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé ní Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú 100 ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Ìyókù ti ń gba omi, tàbí àgbo, tàbí mílíìkì inú agolo, tàbí ògì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti fún ọmọ yín ní ògì kẹ́ ẹ tó ka èyí, ẹ ò dá nìkan wà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú ọ̀daràn wò yín.

Ìdí ẹ̀ náà ò ṣòro láti rí. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ 12 ló fún aboyún, ó sì ka ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbímọ mọ́ ọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún aládàáni ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kọ́mọ tó pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ á tún wá máa ké láti ìrọ̀lẹ́ dé àárín òru, gbogbo ilé á ní ọmú ò yó o mọ́. Ògì ò wọ́n, kóńgò àgbàdo kan á lò ó pẹ́, ìyá àgbà sì mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá wo owó nìkan, èyí ló máa kọ́kọ́ borí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo inú abọ́ yẹn. Ògì tó ṣàn débi tó fi ń gba ojú fídà kọjá, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, agbára tó wà níbẹ̀, bóyá ló fi tó ìdajì tinú ọmú. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́ta kéré, tí ògì bá ti gbàyè, ọmú tó yẹ kó mu ò ní rí ibi wọlé, tí kò bá sì mu ún, ọyàn á dín kù, torí bí ọmọ ṣe ń fà á ló ṣe ń wá. Ìyá á wá sọ pé "ṣé ẹ rí i, mo ní ọmú mi ò tó tẹ́lẹ̀." Ògì ló dín in kù o! Ọmọ á sùn lóòótọ́, ikùn tó kún fómi náà máa ń mú èèyàn sùn.

Ti omi fúnra ẹ̀ náà ńkọ́? Wọ́n á ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ooru mú. Nínú 100 ìpín ọmú, ó lé ní 80 tó jẹ́ omi. Ọmọ tó bá ń mu ọmú dáadáa ti mumi, kódà nínú ooru oṣù kẹta.

Ti àkọ́bí mi, mo sọ pé oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ ni. Kó tó pé oṣù márùn-ún, ó ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ a sùn ọsibítù mọ́jú, wọ́n fa omi sí i lára. Ọkọ mi jókòó ní ọjọ́ kan, ó ṣírò owó káàdì, owó oògùn, owó ọ̀kadà, owó ọjọ́ tí mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ṣé ògì náà lo ní kò wọ́n. Mi ò rí èsì fọ̀. Ògì ọ̀hún ò lẹ́bi kankan, omi tá a fi ń po ó àti fídà tí a ò sè dáadáa ni, àmọ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan ò ní fẹnu kan fídà yẹn rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé Yorùbá tún mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ bí abọ́ sẹ́nu ẹ̀, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i, àwọn mìíràn á tún dí i nímú díẹ̀ kó lè gbé e mì. Ọmọ tó ń sunkún tí wọ́n ń da nǹkan sí lọ́fun, ìyẹn lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí wọ́n fi ń rọ ọmọ oṣù mẹ́ta gan-an ni pé ara ẹ̀ ò tíì mọ oúnjẹ jẹ, tó bá mọ̀ ọ́n jẹ, kí la fẹ́ rọ ọ́ fún?

Ohun kan wà tí àwọn ìyá àgbà kì í sọ, bóyá wọn ò mọ̀ ni. Ìyá tó bá ń fún ọmọ lọ́mú nìkan tọ̀sán tòru, tí nǹkan oṣù ẹ̀ ò tíì padà, tí ọmọ ò sì tíì pé oṣù mẹ́fà, nínú 100 irú wọn, bóyá la fi máa rí méjì tó lóyún. Bí ògì bá ti wọlé, ààbò yẹn ti tú nìyẹn. Ẹni tí ò fẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé ọmọ kó lọ ronú sí i.

Àárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti London

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, torí ẹni tó bá sọ pé oṣù mẹ́rin ní ibi tó fìdí ẹ̀ tì. Kí ó tó di ọdún 2001, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fúnra wọn ń sọ, ọdún yẹn ni wọ́n yí i sí oṣù mẹ́fà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yí tiwọn padà ní 2003. Nítorí náà tí àǹtí yín tó bímọ ní 1990 bá ní nọ́ọ̀sì ló ní kóun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin, òótọ́ ló ń sọ, ohun tí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn nìyẹn.

Títí dòní, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ikùn àti oúnjẹ ọmọdé ní Yúróòpù, ESPGHAN, sọ ní 2017 pé kí oúnjẹ má ṣáájú oṣù mẹ́rin, kó má sì kọjá oṣù mẹ́fà. Ẹ kà á dáadáa o, wọn ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ò gbọ́dọ̀ ṣí kó tó di ìgbà yẹn. Ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n sì ń wò, ibi tí omi ẹ̀rọ ti mọ́ tí iná kì í lọ. Ẹni tó ń fa omi kànga ní Ìbàdàn tó wá gba ìmọ̀ràn yẹn bó ṣe wà, aṣọ ẹlòmíì ló wọ̀ yẹn. Ní London gan-an, ohun tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, ń sọ fún gbogbo ìyá ni nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀nà yìí ti ní agbára gidi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. Lọ́dún 2015, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní London tí wọ́n ń pè ní LEAP. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá ni wọ́n kó jọ, àwọn tí ara wọn ń hún gan-an, tí èkúsímà ń bà jà, tàbí tí ara wọn ò gba ẹyin. Wọ́n ń fún àwọn kan ní ẹ̀pà, wọn ò fún àwọn kan rárá. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìṣòro kí ara máa kọ ẹ̀pà fi nǹkan bí 80 nínú 100 dín kù lára àwọn tó ń jẹ ẹ́. Àwọn dókítà tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ká sá fún ẹ̀pà ní láti yí ọ̀rọ̀ padà. Nítorí náà tí ara ọmọ yín bá burú báyẹn, ẹ lọ bá dókítà kí oṣù mẹ́fà tó pé, òun ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ ṣáájú àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ má dá a ṣe nílé. Ẹ̀pà tí mo sì ń wí, lílọ̀ kúná tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ ni, ẹ̀pà odidi lè há ọmọ lọ́fun kó sì pa á.

Ẹlòmíì tí ọ̀nà yìí lè kàn ni ọmọ tí ìlà tó ń fi ìwọ̀n ẹ̀ hàn nínú káàdì ti ń wálẹ̀. Kódà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo bí ọmọ ṣe ń gba ọmú sẹ́nu kó tó dárúkọ oúnjẹ, torí ọ̀pọ̀ ìgbà, orí ọmú nìkan lọmọ ń fà, kò gba dúdú ẹ̀ mọ́ ọn.

Oṣù mẹ́fà

Èmi, ibí ni mo dúró sí, mi ò ní díbọ́n. Àmọ́ kì í ṣe torí pé WHO sọ ọ́ nìkan. Ọmọ tó pé oṣù ẹ̀ nínú ìyá ẹ̀ máa ń kó áyọ́ọ̀nù wáyé, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bí ẹni tó kó oúnjẹ sínú àká. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni àká yẹn máa ń gbẹ. Ọmú dáa, kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ò tó mílígíráàmù kan nínú lítà kan, nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní mílígíráàmù 11 lọ́mọ oṣù méje sí méjìlá ń fẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ fojú wọn ìyẹn. Agbára náà ò tó mọ́, WHO ṣírò ẹ̀ pé láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọmọ ń fẹ́ nǹkan bí kálórì 200 lójúmọ́ kún ti ọmú, ó di 300 láti oṣù mẹ́sàn-án, ó di 550 tó bá ti pé ọdún kan. Nítorí náà oṣù mẹ́fà ni ìgbà tí ara ọmọ ń fẹ́ oúnjẹ àti ìgbà tó mọ̀ ọ́n jẹ pàdé ara wọn. Kó tó di ìgbà yẹn kò fẹ́ ẹ, tó bá kọjá ẹ̀, ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi rántí ti wà nínú káàdì àjẹsára. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14, ẹ máa padà ní oṣù mẹ́fà fún fítámì A, kápúsù búlúù kékeré yẹn tí wọ́n ń gé orí ẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ oúnjẹ, kó sì wo bóyá ọmọ ń jókòó.

Wàyí o, ìbànújẹ́ ọ̀nà yìí. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìyá tó fara da gbogbo ẹ̀, ìyá ọkọ bínú, wọ́n ò gbà, wọn ò fún ọmọ ní omi, ó pé oṣù mẹ́fà géérégé, wọ́n wá gbé ògì funfun lásán fún un pẹ̀lú ṣúgà. Háà! Ògì lásán ní oṣù mẹ́fà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ògì lásán ní oṣù mẹ́ta lọ, kò ní áyọ́ọ̀nù tó ṣeé gbọ́kàn lé, kò lágbára, ikùn ló ń gbà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì, àmọ́ ohun tó wà nínú abọ́ ni mo máa bá yín jà lé lórí.

Ẹ po ó kó ki, tẹ́ ẹ bá dorí ṣíbí kodò kó má tètè ṣàn dànù. Ẹ fi edé lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ tẹ́ ẹ ti yọ egungun ẹ̀ sí i, tàbí ẹ̀pà lílọ̀, tàbí sòyà tẹ́ ẹ ti yan dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i, ó ń fún un lágbára, ó tún ní fítámì A. Àwọn ìyá kan ń po Tom Brown, àgbàdo, ẹ̀pà àti sòyà tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀ pọ̀, ìyẹn náà dáa. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀dọ̀ màlúù tó jinná tẹ́ ẹ lọ̀ kúná, ẹyin tó jinná, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí ò ní ata, ànàmọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀, píà, ìbẹ́pẹ. Ṣíbí ọbẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ti tó láti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi edé, ẹyin tàbí ẹ̀pà kún un, ẹ mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì mẹ́ta láàárín, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tí ara ẹ̀ kọ̀ tí ara ẹ̀ bá sú. Ọmú ṣì ń bá a lọ o, WHO ní títí dé ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iyọ̀, kò sí ṣúgà. Oyin náà, ó di lẹ́yìn ọdún kan, torí kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń fa àìsàn tó ń mú iṣan ọmọ rọ jọwọrọ, ìyẹn ò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá oyin yín jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú.

Owó ńkọ́? Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìyá nìkan lẹ ń bọ́, nítorí náà ẹ bọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn ẹ̀, abọ́ tí edé àti ẹyin wà nínú ẹ̀ wọ́n ju ògì funfun lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì dínwó sí páálí síríálì, ìkúnwọ́ edé lílọ̀ kan á tó ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ibi tó ti nira ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń fún òṣìṣẹ́ wọn tó bí ọmọ kìíní àti ìkejì ní ìsinmi oṣù mẹ́fà, ẹni tí irú ẹ̀ kàn kó dúpẹ́. Ẹ̀yin ìyókù, fífún ọyàn sínú ike ló kù. Ẹ fi ọwọ́ fún un, kò dandan kẹ́ ẹ ra pọ́ǹpù olówó ńlá. Ìlànà Amẹ́ríkà ní ó lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin tí yàrá ò bá gbóná ju dígírí 25 lọ, fíríìjì ọjọ́ mẹ́rin, kúlà tó ní áìsì nínú wákàtí 24. Èwo nínú yàrá wa ni kì í gbóná ju 25 lọ lọ́sàn-án? Nítorí náà kúlà ni tiwa, pẹ̀lú áìsì tẹ́ ẹ ra láàárọ̀, ẹ máà gbẹ́kẹ̀ lé NEPA. Tó bá di pé mílíìkì agolo ló kù, ẹ mọ ìnáwó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ọmọ oṣù mẹ́rin tó ń mu nǹkan bí mílílítà 900 lójúmọ́, agolo gíráàmù 400 ò lè lò tó ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan á wá máa bu omi là á kó lè pẹ́, ìyẹn burú ju gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ lọ.

Ká dúró dìgbà tó bá hu eyín, oṣù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án

Mi ò ní pẹ́ níbí. Eyín ò kàn án rárá, ọmọ mìíràn á hu tiẹ̀ ní oṣù mẹ́rin, òmíràn ọdún kan á pé kò tíì rí ọ̀kan, èrìgì ọmọ oṣù mẹ́fà sì lè tẹ ànàmọ́ rírọ̀ dáadáa, ẹ fi ìka yín dán an wò. Àwọn tó ń dúró yìí, ọmọ wọn máa ń sanra lójú, wọ́n á ní kí lẹ tún ń wá. Ọmọ lè sanra kí ẹ̀jẹ̀ má tó o lára. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ á funfun, á máa rẹ̀ ẹ́, ìlà káàdì ẹ̀ á dúró sójú kan. Ọmọ tí ò bá tún fẹnu kan nǹkan tó ní kókó títí ó fi kọjá oṣù mẹ́sàn-án, ó sábà máa ń di ẹni tó ń tu gbogbo nǹkan dànù tó bá yá. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ á gbà á.

Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé

Ìkẹta mi wáyé ní ọ̀sẹ̀ 34, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yá. Fún irú wọn, kò sí oṣù kan pàtó, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé àárín oṣù márùn-ún sí mẹ́jọ sí ọjọ́ tí wọ́n bí i, kẹ́ ẹ sì wo àwọn àmì tí mo kọ sókè. Àká áyọ́ọ̀nù tiẹ̀ ò kún kó tó wáyé, torí oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú ìyá ni wọ́n máa ń kó o jù, ìdí nìyẹn tí dókítà fi kọ áyọ́ọ̀nù olómi fún un tipẹ́tipẹ́ kí oúnjẹ tó dé. Ó jẹ oúnjẹ àkọ́kọ́ nígbà tó pé oṣù méje sí ọjọ́ tí mo bí i, ó fa ṣíbí gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọmọ tó pé oṣù ẹ̀, tára ẹ̀ dá, tó ń mu ọmú, ìyá wà nílé tàbí níbi tó ti lè fún ọyàn sílẹ̀: oṣù mẹ́fà, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tó pé, tó sì ń jókòó tó ń gbé oúnjẹ mì, kò sí ọlọ́pàá tó máa mú yín. Tó bá pé tí kò tíì lè gbé orí dúró dáadáa, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, ẹ má kàn máa dúró lásán.

Ọmọ tí èkúsímà ń bà jà gidi, tàbí tí ìwọ̀n ẹ̀ ń wálẹ̀: dókítà ní oṣù mẹ́rin, òun ló máa yan ọjọ́.

Ìyá tó padà síbi iṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta, tí gbogbo ọ̀nà dí, tí ilé-iṣẹ́ ò gbà kó fún ọyàn: ẹ fún un lọ́mú kẹ́ ẹ tó jáde, nígbà tẹ́ ẹ bá dé, àti lóru gbogbo, kẹ́ ẹ fi mílíìkì tí wọ́n pò bó ṣe wà lára agolo dí àlàfo ọ̀sán, pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tó mọ́ dípò fídà. Kọ́ọ̀bù rọrùn láti fọ̀. Ògì ò sí nínú ẹ̀ títí oṣù mẹ́fà.

Ìyá ìbejì, mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ fún yín pé ọmú kan ò lè bọ́ ẹni méjì. Ó lè bọ́ wọn, ẹ̀yin gan-an ni oúnjẹ àti oorun ò gbọ́dọ̀ wọ́n fún, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa fọ aṣọ.

Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó wá ń ka èyí, ẹ lè dá ògì dúró díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi ọmọ sọ́mú lemọ́lemọ́, ọyàn á padà wá. Tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ojú ẹ̀ jìn, tí kò tọ̀, ọsibítù lẹ ń lọ lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Tó bá sì jẹ́ ìyá ọkọ ló ń bá yín mú ọmọ, ẹ má jà. Ẹ gbé wọn dání lọ síbi fítámì A, kẹ́ ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó dàgbà bá wọn sọ ọ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn pẹ̀lú ọmọ kejì, màmá tẹ́tí, wọn ò fèsì kankan títí a fi délé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo bá wọn ní kíṣìn-ín, wọ́n ń ṣa orí àti ìrù edé dànù, wọ́n ní ògì tí mo pò lánàá yẹn ṣàn jù.